Orúkọ Àtijọ́ Tí Ìyàwó Wa Fẹ́ Pa Rẹ́

Ẹni tó bá gbọ́ pé ìyàwó ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó láti inú yàrá kan ní Ojowo, nínú Ìjẹ̀bú-Igbó wa yìí, á ní irọ́ mi tún ti dé. Mi ò bá a jà. Mo ti parọ́ ní àdúgbò yìí débi pé tí mo bá ní òjò ń rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta fèrèsé kí wọ́n tó ká aṣọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni èyí, àfi ibi tí mo bá ti bu iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Èmi ò kàwé dé ibi kankan. Pákó ni mo là títí mo fi darúgbó. Ìyàwó wa ló kàwé, Àgọ́-Ìwòyè ló ti kà á, òun ló sì fi sùúrù ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi bí ẹni ń bọ́ ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Ó ní ètò tí èèyàn kọ ni kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Tí ètò bá ṣìṣe, irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní dìbọ́gà, tó lè dá a dúró láàrin iṣẹ́, kó tú inú rẹ̀ wò, kó yọ ohun tó há sí i lọ́fun, kó sì ní kó máa lọ. Èèyàn lè jókòó máa pàṣẹ fún dìbọ́gà yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lè to àwọn àṣẹ náà jọ kó máa ṣe wọ́n fúnra rẹ̀. Ẹnu tí dìbọ́gà fi ń gba irú àṣẹ àtòjọ bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó wa ń tọ́jú. Ọdọọdún ló ń tún ẹnu náà ṣe, tó ń fi àṣẹ tuntun kún un.

Mo ní, "Kí ló ń bàjẹ́ lára ẹnu tí wọ́n fi ń sanwó fún ọ?"

Ó ní, "Bàbá, kò bàjẹ́ o. Àwọn tó wà níbẹ̀ kí n tó dé ló sọ àwọn àṣẹ lórúkọ bó ṣe wù wọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ wo èyí tó ń dá ètò dúró, lẹ́tà méjì péré! Ta ló máa mọ ohun tó ń ṣe?"

Ló bá sọ wọ́n lórúkọ tuntun, orúkọ gígùn tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. Àwọn òyìnbó yẹn rò pé àwọn gba ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà síṣẹ́, wọn ò mọ̀ pé ìyàwó ilé làwọn gbà. Ìyàwó ilé wo ló ń pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ? Ọjọ́ tó wọlé wa ló ti sọ àbíkẹ́yìn mi di Eyínfúnjowó, bẹ́ẹ̀ eyín ọmọ náà kò funfun tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn kó fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ pa á rẹ́. Kò ṣe é lójijì, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí dìbọ́gà máa kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lo àṣẹ náà pé ó ti di ti àtijọ́, pé a máa tó yọ ọ́, àti pé ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó sọ.

Ibí ni àbúrò mi ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ìyá mi ni, Abigi ló ń gbé, òun ló ń bójú tó ilé yìnyín kan tí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ń kó ẹja sí. Ilé náà tutù débi pé mo fojú mi rí eṣinṣin kan tó jáde níbẹ̀ tó ń wá súwẹ́tà. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń darí ẹ̀rọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà yìí a sì máa há láìnídìí. Ẹni tó ṣe é ti bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí a mú ìyàwó wa lọ kí àwọn ará Abigi, ó fi dìbọ́gà sínú kọ̀ǹpútà náà, ó sì kọ́ àbúrò mi bí wọ́n ṣe ń to àṣẹ. Ìka méjì ni ọkùnrin yìí fi ń tẹ̀wé, ó sì tẹ àtòjọ kan tó jẹ́ pé tí ẹ̀rọ bá ti há, dìbọ́gà á dá ètò dúró, á tú u, á ní kó máa lọ. Ẹ ò ní gbàgbọ́, ó ń fi í han àlejò ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

Àṣẹ onílẹ́tà méjì yẹn ló sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lójoojúmọ́. Kó fèsì, kò lè ṣe é. Òun ló gba ìyàwó wọlé lórúkọ ẹbí lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé láéláé, ìyàwó yìí ò ní gbọ́ ẹ̀sùn lẹ́nu òun. Ó wá pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí ìyàwó wa. Ẹ ní mo ń rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ ní àṣẹ àtijọ́ yẹn, a ṣì ń gbádùn rẹ̀ níbí o."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rán mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ní, "Bàbá Abigi kí ọ. Ó ní àwọn ń gbádùn."

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ bá mi dá wọn lóhùn, inú mi dùn."

Àbúrò mi tún pè lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó ní kí ìyàwó má gbàgbé àwọn o. Ìyàwó fi búrẹ́dì ránṣẹ́ sí i. Bí ẹjọ́ Abigi ṣe ń dé Ojowo nìyẹn, tí búrẹ́dì sì ń padà lọ. Nígbà tó yá, àbúrò mi pàṣẹ fún dìbọ́gà pé kó yéé fi ìkìlọ̀ han òun, torí kò bójú mu kí ohùn ìyàwó máa bá bàbá wí lójú àwọn ẹlẹ́ja.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Abigi máa ń wá bí àlejò tó gbàgbé nǹkan sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó yà wọlé, dìbọ́gà sì lò ó láti fa ẹ̀dà tuntun ti ara rẹ̀ wọlé, èyí tí orúkọ àtijọ́ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ há. Àtòjọ àbúrò mi pe orúkọ náà. Dìbọ́gà ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fóònù mi dún.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àlàáfíà ni ìyàwó wa wà?"

"Àlàáfíà ni."

"Òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

"Kò rọ̀. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan o. Ẹja ló ń yọ́."

Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀: "Bàbá, ẹ yéé kí wọn! Ẹja mi ti ń ṣomi!"

Mo pariwo sínú ilé, "Ìyàwó! Sáré wá o! Ẹja ń kú lẹ́ẹ̀kejì ní Abigi, dìbọ́gà rẹ ló sì ń pa á!"

Ó já fóònù gbà. "Bàbá Abigi, kí ló kọ sójú kọ̀ǹpútà?"

"Kò kọ nǹkan burúkú, ìyàwó wa. Ó kàn ní òun ò mọ̀ wá rí ni."

"Ṣé ẹ ò rí ìkìlọ̀ ni, sà?"

"A rí i. A dúpẹ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

Obìnrin ẹlẹ́ja yẹn gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò mi. "Ìyàwó, mo fẹ́ràn rẹ o, àmọ́ bàbá yìí ló ṣèlérí pé òun ò ní fẹjọ́ rẹ sùn. Ẹja tèmi ò bá a ṣèlérí kankan!"

Ìyàwó wa bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ tuntun náà fún àbúrò mi, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, kó lè fi rọ́pò ti inú àtòjọ. Orúkọ yẹn gùn. Àbúrò mi ń fi ìka méjì wá lẹ́tà kẹta nígbà tí ìlà já.

Ìyàwó wa wò mí. Mo ní, "Nígbà tí o sọ àbíkẹ́yìn mi di Eyínfúnjowó, ṣé mo lọ pa orúkọ tí mo sọ ọ́ rẹ́ ni? Ṣebí méjèèjì ló ń jẹ́."

Ó jókòó, ó dá orúkọ àtijọ́ padà, ó sì so ó mọ́ tuntun, tó fi jẹ́ pé èyíkéyìí tí èèyàn bá pè, iṣẹ́ kan náà ni dìbọ́gà máa ṣe. Ó fi ránṣẹ́. A wá ń dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lọ́hùn-ún, wọ́n ní àwọn obìnrin náà jókòó ti ilẹ̀kùn ilé yìnyín kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Èyí tó sanra jù nínú wọn, wọ́n ní ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín.

Nígbà tí ìlà padà wọlé, tí dìbọ́gà Abigi sì ti fa ẹ̀dà tuntun náà wọlé, ariwo ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú fóònù kí n tó gbọ́ ti èèyàn. Ẹja òkè ti rọ̀. Wọ́n yan án lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó wa, tó jẹ ẹ́ láìwo ojú mi.

Ọ̀gá rẹ̀ lókè òkun béèrè ìdí tí orúkọ àtijọ́ fi padà. Ó fèsì pé àwọn àgbàlagbà ṣì ń lò ó. Ọ̀gá ní ó dáa, àmọ́ kó túbọ̀ máa béèrè dáadáa kó tó yọ nǹkan kúrò.

Ó ń béèrè. Tó bá fẹ́ yọ àṣẹ kan báyìí, kì í pe àbúrò mi, obìnrin ẹlẹ́ja yẹn ló ń pè. Obìnrin náà á kígbe sínú ilé yìnyín pé ṣé wọ́n ṣì ń lo èyí. Àbúrò mi á ní kó sọ fún ìyàwó wa pé kò séwu, ohun tó bá ṣe náà ló dáa. Obìnrin náà á wá padà sórí fóònù.

"Ó ń lò ó o. Má fọwọ́ kàn án."