Àwọn Ife Inú Síńkì

Bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kí ìwọ̀nba eyín tó ṣẹ́ kù sí mi lẹ́nu yọ dànù lónìí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Àbúrò mi obìnrin ló ń tọ́jú ìmọ́tótó ọ́fíìsì ńlá kan. Ife ike ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń mu tíì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: wọ́n á mu ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sọ ọ́ nù. Ike dí gọ́tà ẹ̀yìn ilé pa, omi sì ń ya wọ yàrá tí àbúrò mi ń kó aṣọ rẹ̀ sí. Nígbà tí ọ̀gá pàṣẹ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí kálukú mú ife tirẹ̀ wá láti ilé, àbúrò mi jó.

Ijó yẹn kò pẹ́. Wọ́n mú ife wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mú ọwọ́ tí yóò fi fọ̀ ọ́ wá. Bí wọ́n bá ti mu tíì tán, wọ́n á kó o jọ sínú síńkì bí òkè.

"Màmá, ẹ bá wa ṣàn án, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n fọ̀," ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń wí.

"Ẹni tó mu ún ńkọ́? Ṣé ó rọ lápá ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá Onífe. Àbí ká padà sí ike?"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Kò fẹ́ kí ike padà. Ló bá ń fọ ife lẹ́yìn iṣẹ́, ọkọ̀ òṣìṣẹ́ á fi í sílẹ̀ lọ, á wá fi orúnkún tó wú rìn délé.

Lọ́jọ́ kan, orúnkún náà kọ̀ jálẹ̀. Ó fi gbogbo ife sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó wọ ọkọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá wá ife rẹ̀ títí, abẹ́ òkè ife ló ti bá a.

"Màmá, kí lèyí?"

"Ẹ ní ká má sọ ike nù mọ́, ọ̀gá mi. Orúnkún tèmi ńkọ́, ṣé òun ló kàn tí a ó sọ nù?"

Ọ̀gá bọ́ sídìí síńkì. Ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó ń fọ ife, ó ń kọrin. Akọ̀wé owó sáré dé.

"Háà, ọ̀gá! Ẹ mú un wá kí n bá yín fọ̀ ọ́!"

"Tìẹ ńkọ́?"

Kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́, kálukú ti fọ ife tirẹ̀, síńkì ti ṣófo. Àbúrò mi bá ọkọ̀ lọ. Kò yọ̀; ayọ̀ náà ń fẹ́ agbára. Ó gbórí ti fèrèsé, oorun sì gbé e lọ kí ọkọ̀ tó gbéra. Awakọ̀ ló jí i nígbà tí wọ́n dé ìkòríta wa.

Gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, àfi orin yẹn. Ọ̀gá ò kọrin kankan, ojú rẹ̀ le koko ni. Èmi ni mo fi orin sí i. Eyín mi, ẹ dákun, ẹ má tíì lọ.