Ẹsẹ̀ Kan Tó Kù Lẹ́yìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé àlá ni irú nǹkan báyìí, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀. Mi ò mutí, oorun ò kùn mí, ojú mi méjèèjì sì là sílẹ̀. Ìyàwó mi pàápàá ò tíì gbọ́ ọ.

Bọ̀dá Délé ló kọ́ mi ní ìlù bándì. Nígbà tí mo dé Hamburg, tí mi ò níwèé, tí mi ò mọ ẹnì kan, yàrá rẹ̀ ní Jenfeld ni mo ń sùn. Òun ló ń tẹ̀ lé mi lọ sí Ausländerbehörde, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún àlejò níwèé ìgbélùú. Orí ìrọ̀rí ló ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá méjì lù ú, kí aládùúgbò má baà pe ọlọ́pàá. Ọ̀gá mi ni, ọ̀rẹ́ mi sì ni. Òun ló dá bándì ìjọ wa sílẹ̀, àwa tá à ń wọ aṣọ funfun, tá à ń lùlù, tá à ń yan bí ológun lọ́jọ́ ọdún.

Nígbà tó yá, àìsàn mú un lẹ́sẹ̀ òsì. Ó ṣì ń yan o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pàṣẹ "Hóòtì!" tí gbogbo wa dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ tiẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀. Gbì! Àwọn ọmọdé á bú sẹ́rìn-ín.

Ìjọ wa tó wà ní àdúgbò Wedding, ní Berlin lọ́hùn-ún, pè wá sí ọdún wọn. Ìgbìmọ̀ bándì ní ká má mú Bọ̀dá Délé lọ, pé yóò dójú tì wá. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ fún un, kí n sì bọ́ síwájú dípò rẹ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ Ajé mo ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ Ẹtì mo yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò lórí WhatsApp bándì, mo wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago mẹ́fà àárọ̀ la máa pàdé ní ibùdókọ̀ Harburg, kì í ṣe aago mẹ́jọ tóun ti gbọ́. Ẹyẹ ò sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀.

A ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin kí fóònù mi tó dún. Òun ni. Mo da ojú fóònù dé itan mi. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ìyá ìjọ kan rí i ní Harburg lọ́jọ́ náà, nínú aṣọ funfun, gbogbo bọ́tìnnì ní dídè, ìlù lọ́rùn. Ó ní títí di ọ̀sán ló fi dúró síbẹ̀.

Kò bi mí léèrè. Èmi náà ò lọ wò ó. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó kú.

Ìjọ Wedding tún pè wá, pé ká wá yan fún ìrántí rẹ̀. Ẹ wá wo ẹkún! Àwọn tó ní yóò dójú tì wá ló gba makirofóònù, wọ́n ń ní bàbá rere ni, olóòótọ́ ni. Ìgbà tá a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Inú bí mi sí wọn, ó sì bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A bọ́ sí títì. Èmi ni mo wà níwájú. Mo pàṣẹ "Hóòtì!" Gbogbo wa dúró.

Gbì!

Ẹsẹ̀ kan ni, lẹ́yìn pátápátá. Orí mi wú. Mo ní bóyá ẹnì kan ló ṣàṣìṣe. A tún yan díẹ̀, mo tún pàṣẹ.

Gbì! Ó ti sún mọ́ wa sí i. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn.

Fúnkẹ́ tó ń lu ìlù ńlá sún mọ́ mi. "Bọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan yẹn?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Irọ́ ni mo pa.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ní ká dúró mọ́."

Mi ò pàṣẹ mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iná pupa dá wa dúró níkòríta, a ò lè yan wọ inú mọ́tò.

Gbì! Ẹ̀yìn mi gan-an ni. Ẹ gbọ́ mi o, mo gbóòórùn ìpara tí Bọ̀dá Délé máa ń fi ra ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, láìyíjú padà: "Bọ̀dá Délé, ẹ má bínú. Èmi ló yẹ kí n sọ fún yín."

Mo dúró kó dá mi lóhùn. Kó tiẹ̀ bú mi, kó pè mí ní aláìmoore. Kò sọ nǹkan kan. Iná yí padà, àwọn tó wà lẹ́yìn ní kí n máa lọ.

Láti ọjọ́ náà, a ò yan mọ́. Lánàá ni alága ìgbìmọ̀ pè mí: "Ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Wá darí àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi, ká fi lé ẹ̀mí yẹn lọ."

Ká lé ta ni? Ẹ̀ẹ̀kan tá a ti lé e, ṣé kò tó ni? Èmi náà ni wọ́n sì tún ní kí n wá bá wọn lé e. Mi ò tíì mọ èsì tí màá fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ kíkorò láti bá èèyàn yín sọ, ẹ lọ sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bú yín, kó tilẹ̀kùn mọ́ yín. Ẹ jẹ́ kó bú yín nígbà tó ṣì lẹ́nu.