Táyé Lọ Tọ́ Ilé-Ìwé Wò

"Kẹ́hìndé Lùkímọ̀n," mo pe orúkọ.

"Ó ń bọ̀," Táyé dáhùn.

Ọjọ́ kìn-ín-ní tí a wọlé ni, nínú kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi tí mo ń kọ́ ní Igbó-Ọrà. Mo gbójú sókè kúrò nínú ìwé orúkọ, mo wo ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ kan tó jókòó ti àga òfìfo kan. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì lé àga náà bíi baálẹ̀ tó ń gba atẹ́gùn. Báàgì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fúláàsì oúnjẹ méjì, ike omi méjì. Ohun gbogbo ló pé méjì àfi ọmọ. Mo bi í pé níbo ni èkejì rẹ̀ wà. Ó ní ó wà nílé, pé òun ni wọ́n ní kí òun kọ́kọ́ wá wò ó.

Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nígbà náà, mo sì rò pé kò sí ohun tí ẹbí lè ṣe lọ́jọ́ ìwọlé tí ojú mi kò tíì rí. Mo ti rí bàbá tó fara pamọ́ sẹ́yìn igi máńgòrò títí di agogo méjìlá. Mo ti rí ìyá tó gbàgbé ìborùn sínú kíláàsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan, tó sì jẹ́ pé ìborùn náà wà ní èjìká rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹbí fi ìdajì ìbejì ránṣẹ́, kí ìdajì tó kù jókòó sílé máa retí èsì, ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn mí ni.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kò ju kí á kọrin, kí á nu imú lọ. Imú ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì pọ̀. Àmọ́ kí ilé-ìwé tó wọlé rárá ni iṣẹ́ gidi ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí kì í ṣe ọmọ ló ṣòro kọ́, ẹbí ọmọ ni. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Màá sọ fún wọn pé ṣòkòtò onírọ́bà ni kí wọ́n rà, kì í ṣe oníbẹ́líìtì, nítorí ìtọ̀ kì í dúró de bẹ́líìtì. Màá ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, kí wọ́n sì yé pọ̀n ọ́n kó tó sùn lọ́sàn-án, torí ọmọ mọ́kàndínlógún ló ń dúró dè mí, ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni Ọlọ́run sì fún mi. Èyí tó le jù ni ìdágbére. Òfin tèmi lórí rẹ̀ kúrú: sọ fún ọmọ pé o ń lọ, sọ fún un pé o ń bọ̀, yí padà, má wẹ̀yìn. Yíyọ́ lọ kò dáa. Ọmọ tí a bá yọ́ fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ wọ balùwẹ̀ lásán, á dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Mo ti dé ilé àwọn ìbejì yìí. Raṣídà, ìyá wọn, ló gbà mí lálejò, ó sì ń kọ gbogbo ohun tí mo ń sọ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò lé e lórí. Ó nídìí tó fi ń kọ ọ́. Ó ti ríbi wọlé sí nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Èrúwà, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìwọlé tiwa sì ni tiwọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó ń gba fọ́ọ̀mù nìyẹn. Lùkímọ̀n ọkọ rẹ̀, tó máa ń ra ẹ̀gẹ́ lóko fún àwọn onígàrí, kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ "ọdún tó ń bọ̀" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó bá a ṣe àdéhùn níṣojú mi: bí àwọn ọmọ méjèèjì bá ti mọ́ ilé-ìwé lára kí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn tó pé, kí ó máa lọ sí Èrúwà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ń dun Ìyá Àgbà, ìyá Lùkímọ̀n, kò lè máa sá tẹ̀lé ọmọ kiri. Mo fọwọ́ sọ̀yà níwájú gbogbo wọn, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹnu mi a máa yá nígbà mìíràn.

Ohun tí n kò fiyè sí lọ́jọ́ náà ni Ìyá Àgbà tó jókòó sí kọ̀rọ̀, tó ń bó ẹ̀gúsí, tí kò sọ nǹkan kan. Èmi ń sọ tèmi, òun ń dá ìpàdé tirẹ̀ ṣe nínú. Nígbà tí mo padà lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìwọlé yẹn láti béèrè Kẹ́hìndé, ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀.

"Ayé gan-an, Táyé ni Kẹ́hìndé kọ́kọ́ rán wá kó wá tọ́ ọ wò. Ìgbà tó gbúròó pé ó dáa lòun náà tó jáde. Ṣé ilé-ìwé yín wá ju ayé lọ ni, Aǹtí?"

Ó ní ti fúláàsì kejì, ohun tí wọ́n bá ṣe fún Táyé ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún Kẹ́hìndé, kò sẹ́ni tí kò mọ ìyẹn ní ìlú yìí. Nítorí náà, ìpín Kẹ́hìndé á máa lọ sílé-ìwé títí ẹni tó ni ín á fi lọ bá a.

Mo rò ó lọ́nà, mo ní kò le. Bí Táyé bá gbádùn ilé-ìwé, yóò jíṣẹ́ rere, Kẹ́hìndé á sì tẹ̀lé e wá. Láti ọjọ́ kejì, mo sọ Táyé di àlejò pàtàkì. Òun ló ń lu agogo ìsinmi. Òun ló ń jókòó ti ẹsẹ̀ mi nígbà àlọ́. Bó bá jẹ ìrẹsì tirẹ̀ tán, á ṣí ti Kẹ́hìndé, á wojú mi, èmi náà á wojú òkè. Bó ṣe ń mu omi ike méjì ni ó ń sáré lọ tọ̀ nígbà mẹ́rin, ṣòkòtò onírọ́bà sì dá mi láre. Lọ́sàn-án, ó ń fi orí sùn lórí ẹní kan, ẹsẹ̀ lórí èkejì. Bí a bá jáde ilé-ìwé, ṣe là ń bẹ̀ ẹ́ kó tó lọ. Mo ń fọwọ́ pawọ́ pé Kẹ́hìndé ń bọ̀ lọ́la.

Kẹ́hìndé kò wá lọ́la. Kò wá lọ́túnla. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní parí, ọ̀sẹ̀ kejì wọlé, fúláàsì méjì ń dé, ọmọ kan ń dé, "Ó ń bọ̀" sì ń dún láràárọ̀. Lọ́jọ́ Tuesday, Raṣídà dúró bá mi lẹ́nu géètì. Ó ní Kẹ́hìndé ti ń sunkún báyìí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ilé-ìwé. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ òun sọ "ọdún tó ń bọ̀" nídìí oúnjẹ alẹ́ àná, ohùn jẹ́jẹ́ ló sì fi sọ ọ́, ìyẹn ló ba òun lẹ́rù. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọkàn tèmi kò balẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sọ̀yà, obìnrin yìí ló sì máa san án.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a jáde, mo bá Raṣídà àti Táyé rìn lọ sílé. Táyé sáré wọlé ṣíwájú wa. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, a gbọ́ ohùn rẹ̀, Raṣídà sì fà mí lápá pé kí n dúró. Ìyá Àgbà wà lórí ẹní, Kẹ́hìndé jókòó níwájú rẹ̀, Táyé dúró gbagidi, ó ń jíṣẹ́.

"Tòní tún wá burú gan-an," ó wí. "Wọn ò fún wa lóúnjẹ. Aǹtí fi okùn so mí mọ́ àga. Ewúrẹ́ dúdú kan wà ní ilé ìtọ̀, ó máa ń ge ọmọdé nídìí jẹ. Má wá o, Kẹ́hìndé. Èmi nìkan ni màá máa bá wa jìyà ẹ̀."

"Pẹ̀lẹ́, akọni mi," ni Ìyá Àgbà wí, ó ń nu ojú rẹ̀. Àánú ṣe Kẹ́hìndé débi pé ó tú ẹ̀pà tó ti ń fi pamọ́ láti àárọ̀ jáde, ó kó gbogbo rẹ̀ fún un. Táyé gbà á.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún, n kò so ọmọ mọ́ àga rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín fẹ́ pa mí, lẹ́yìn náà lójú wá tì mí. Láti inú ìyá rẹ̀ wá, ọmọ yìí kò ní nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan rí. Èmi ni mo fún un ní àga méjì, ẹní méjì àti agogo, tí mo wá ń retí kó lọ pe ẹni tí yóò bá a pín in. Mo ti ń kẹ́ ẹ kó lè jíṣẹ́ rere, kíkẹ́ yẹn gan-an ló sì ń mú un jíṣẹ́ burúkú.

N kò lè wọlé kí n pe Táyé ní òpùrọ́. Ta ni mí? Òun ni ikọ̀ tí ilé rán. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo kí Ìyá Àgbà, mo sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjèèjì. Ó ní Kẹ́hìndé ni. Mo ní ta ló wá rán Táyé níṣẹ́. Ó ní Kẹ́hìndé náà ni.

"Ìyá, bí ẹ bá rán èèyàn lọ wo oko fún yín, tó wá ní oko ti jóná ráúráú, àmọ́ tó ń yára jí láràárọ̀ padà sí oko tó jóná, tí ikùn rẹ̀ sì ń yọ sí i, kí lẹ máa ṣe?"

Ìyá Àgbà wo Táyé láti òkè délẹ̀. Ó fà á mọ́ra, ó fi ìka tẹ ikùn rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ìbẹ́pẹ ti pọ́n. Ó ní kí Raṣídà ṣí fúláàsì méjèèjì. Wọ́n mọ́ tónítóní.

"Wọn ò fún ẹ lóúnjẹ, àbí?"

Táyé wo àjà. Ẹ̀pà kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́," ó wí.

"Ó dáa," ni Ìyá Àgbà wí. "Lọ́la, ẹ̀gbọ́n á lọ fojú ara ẹ̀ rí i."

Lọ́jọ́ Thursday, Ìyá Àgbà fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún mú Kẹ́hìndé wá fúnra rẹ̀. Ilé ìtọ̀ ló kọ́kọ́ ní kí n fi han òun. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wo inú garawa, ó ní Alihamudulilai. Mo sọ òfin ìdágbére fún un, mo sì ti múra sílẹ̀ láti bá a jà lórí rẹ̀, àmọ́ nínú gbogbo ẹbí tí mo ti kọ́, kò sí èyí tó ṣe é bíi tirẹ̀. Ó ní, "Kẹ́hìndé, mo ń lọ, mo ń bọ̀," ó yí padà, kò wẹ̀yìn.

Kẹ́hìndé wo kíláàsì yíká. Ó wo àga rẹ̀, tí ẹsẹ̀ Táyé wà lórí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀, ó gbé ti òsì sílẹ̀, ó jókòó. Ó ṣí fúláàsì rẹ̀, ó yọjú wo inú, ó pa á dé, ó gbé e lé itan.

"Kẹ́hìndé Lùkímọ̀n," mo pe orúkọ.

"Mo ti dé," ó dáhùn.

Táyé bú sẹ́kún. Ẹkún ọ̀sẹ̀ méjì ló sun pa pọ̀ láàárọ̀ yẹn, ohùn rẹ̀ há, èmi tí mo ń kìlọ̀ fún gbogbo ìlú pé kí wọ́n yé pọn ọmọ ni mo wá fi ìró pọ̀n ọ́n títí di ìsinmi. Lọ́sàn-án, àwọn méjèèjì sùn pa pọ̀ lórí ẹní kan, ẹsẹ̀ wọ́n lọ́ mọ́ra, ẹní kejì wà níbẹ̀ lófìfo.

Lùkímọ̀n wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Friday. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ń retí pé kí ọ̀kan nínú wọn sáré wá bá òun. Orin ni wọ́n ń kọ, kò sẹ́ni tó wo ọ̀nà ibi tó wà. Ó họ orí, ó ní ó dáa, kí Raṣídà máa lọ.

Lọ́jọ́ Monday, àwọn ìbejì wọlé, wọn ò wẹ̀yìn. Ìyá wọn ló dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú báàgì tuntun léjìká. Mo rán an létí òfin. Ó ní, "Aǹtí, ẹsẹ̀ mi ò gbé." Kò sẹ́ni tó tíì dé ibi tó ń lọ nínú ẹbí wọn rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè sọ fún un bí ibẹ̀ ti rí. Ìyá Àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

"Ìwọ ni Táyé tiwa," ó wí. "Lọ tọ́ ọ wò, kó o wá jíṣẹ́ fún wa. Àmọ́ má purọ́ o."

Raṣídà rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó gun ọ̀kadà lọ sí gáréèjì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ sílé wọn. Mo ní ìbọ̀sẹ̀ Kẹ́hìndé tó sọnù ni mo bá wá. Raṣídà jókòó lórí ẹní níwájú Ìyá Àgbà, ó sì jíṣẹ́. Ó ní ó le, àmọ́ ó dùn. Ó ní àwọn tó ju òun lọ dáadáa lọ́jọ́ orí wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí mi.

"Aǹtí, àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi látàárọ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí nígbà yẹn. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò kọjá ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ti ọmọ ọlọ́mọ wọlé lọ́dọọdún pé kí wọ́n má wẹ̀yìn. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ìbọ̀sẹ̀ ni mo ń wá.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni mo gba fọ́ọ̀mù ti àwọn tó ń kàwé lópin ọ̀sẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ Raṣídà. Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́, Raṣídà sin mí dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó gbé fúláàsì ìrẹsì lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Aǹtí, mo ń lọ, mo ń bọ̀," ó yí padà. Mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí. Olùkọ́ ṣí ìwé orúkọ, ó ń pè é lọ, ó dé orí tèmi. Ẹnu mi tó máa ń yá kò yá mọ́. Ó tún un pè, ó sì ti gbé kálàmù láti kọ ọ́ pé n kò wá.

"Mo ti dé," mo dáhùn.