Ìràwọ̀ Mẹ́ta Tí Tíṣà Ernest Fún Mardiyah

Ẹ wo Mardiyah, àbúrò mi, bó ṣe rí tín-ín-rín yẹn, òun ló ń to sólà sórí òrùlé ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Tó bá ti so híjáàbù rẹ̀ mọ́rí gírígírí, tó ń gun àkàbà, èmi Fàtímọ̀ tí mò ń ránṣọ nísàlẹ̀ á máa pariwo pé kó rọra!

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò wá. Ọkùnrin làwọn èèyàn ń wá. Ló bá forúkọ sílẹ̀ lórí ọjà kan tó wà nínú fóònù. Ẹni tó ń fẹ́ sólà á wọ ibẹ̀, á yan ẹni tó máa tò ó fún un. Tíṣẹ́ bá parí, á fún un ní ìràwọ̀. Márùn-ún ló pé. Ẹni tí ò bá tó mẹ́rin, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń tì í sí, níbi tójú oníbàárà kì í dé. Mardiyah ní bí èyí ò bá bọ́ sí i, òun á ta irinṣẹ́ òun, òun á wá kọ́ṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ mi. Mo gbàdúrà kó má rí bẹ́ẹ̀, torí ọmọ yìí ò mọ abẹ́rẹ́ í dì mú.

Ẹni àkọ́kọ́ tó yàn án ni Tíṣà Ernest, hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì. Baba dúró lábẹ́ àkàbà látàárọ̀.

"Wáyà yẹn wọ́."

"Mo ti rí i, sà."

Nígbà tíná tàn tí fáànù ń yí, Baba rẹ́rìn-ín, wọ́n sì súre títí àmín fi rẹ Mardiyah. Wọ́n wá mú fóònù, wọ́n tẹ ìràwọ̀. Mẹ́ta!

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe?"

"Iṣẹ́ ẹ dáa gan-an. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló ni márùn-ún, tíṣà ló ni mẹ́rin. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbìyànjú ló ni mẹ́ta."

Yéè! Ẹkún ló sun dé ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fẹ́ lọ bá Baba jà, ó ní kí n má lọ, pé àgbà ni. Àgbà kọ́, àgbàyà ni!

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkùnrin kan pè é láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni Tíṣà Ernest fún ní mẹ́ta?"

"Ẹ má bínú, sà..."

"Bínú kẹ̀? Wọ́n ti fi sórí wásáàpù àwa tí wọ́n kọ́ níwèé! Lọ́wọ́ Tíṣà, méjì ni mo gbà jù, ìyá mi sì pa adìẹ lọ́jọ́ náà. Mo wá yín dé ìsàlẹ̀ ọjà yẹn kí n tó rí yín. Ìgbà wo lẹ máa wá?"

Kó tó dáhùn, ìpè míì ti ń wọlé, òmíràn tún ń tì í lẹ́yìn. Mardiyah ń fò, èmi náà ń fò, aṣọ oníbàárà já bọ́ sílẹ̀, ta ló rí tiẹ̀ rò! Nọ́ọ̀sì kan láti Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ò tilẹ̀ gbà á gbọ́.

"Mẹ́ta? Lọ́wọ́ Tíṣà Ernest? Ìyàwó wọn pàápàá, méjì ààbọ̀ ni wọ́n fún ọbẹ̀ ẹ̀!"