Egbé Tí Kò Dún

Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí pé èwo ló dára jù nínú gbogbo egbé inú sériì, mo lè bú u. Ó ti sú mi. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó ní Igolo, létí ibodè, tí mo ń ṣájì fóònù fún àwọn ará ọjà, tí mo sì ń kó fíìmù sínú káàdì fún wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń jà lé lórí níwájú ìsọ̀ mi. Àgbàlagbà ni wọ́n o. Àwọn tó ní ìyàwó nílé, tí wọ́n sì ní àgbàdo tí wọn kò tíì kó lóko.

Egbé ni àwa ń pè é. Nínú àwọn sériì tó ń sọ nípa àwọn ará ojú sánmà, ènìyàn á dúró síbì kan, ìmọ́lẹ̀ á bò ó, ẹ kò ní rí i níbẹ̀ mọ́, ó di inú ayé mìíràn. Àwọn Faransé ní orúkọ gígùn kan fún un, ṣùgbọ́n aránṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ fara ti tèmi kì í lè pe orúkọ náà já. Àwọn baba wa ti ń pe irú rẹ̀ ní egbé kí tẹlifíṣọ̀n tó dé, kí la tún ń wá orúkọ kiri fún? Alájì tó ń pààrọ̀ náírà sí séfà lábẹ́ agboòrùn níwájú mi a máa sọ pé, "Àsítáfúrúlà, ẹ yéé dárúkọ oògùn ní etí mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni." Òun kan náà ló máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá apá tuntun ti dé.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ etí ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ. Sémì ni ọkọ mi ń ṣe, ó ń fi alùpùpù gbé èrò láti Igolo lọ sí Ifangni, nígbà tí ọ̀nà bá sì gbẹ, ó ń gbé wọn dé Tchaada. Láràárọ̀, kó tó gbé èrò kankan, ọmọbìnrin wa ló máa kọ́kọ́ gbé lọ sí ilé ìwé. Ọ̀nà yẹn kò ní àánú lójú. Tírélà ń bọ̀ láti ibodè, takisí tí wọ́n di ẹrù lé lórí títí tí kò fi rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ mọ́ ń bọ̀, gbogbo wọn ló ń sáré. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Sémì ní tirẹ̀, etí ló fi ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Etí ọkọ mi sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ tí ọmọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀ lójoojúmọ́. Sériì ló tú àṣírí náà fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àríyànjiyàn náà ṣe rí. Aránṣọ ní sériì kan tí kò fi ṣeré. Nínú rẹ̀, bí ènìyàn bá fẹ́ lọ, ara rẹ̀ á tú ká bí èlùbọ́ tí atẹ́gùn fẹ́ lórí ẹní, ohùn kan á sì dún tẹ̀ lé e, ṣíìììn, tín-ín-rín, títí tí èérún ìkẹyìn èlùbọ́ náà á fi tán lójú afẹ́fẹ́. Aránṣọ á gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á di ojú. "Ẹni tó ṣe ohùn yìí, ìyá rẹ̀ bímọ!" Alájì kò gbà. Ti Alájì ni èyí tí ènìyàn máa ń ká bí ẹní, tí ilẹ̀ á gbé e mì, gbì! Ó ní ìyẹn ló jọ ìrìn àjò. "Ènìyàn odidi, pẹ̀lú egungun àti ẹran, ló kúrò láyé yìí bọ́ sí òmíràn, tí yóò wá dún bí abẹ́rẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ? Ó tì o."

Èmi fẹ́ràn èyí tó ti gbó jù, tí àwòrán rẹ̀ ti ń pọ́n. Wọ́n á da èéfín díẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á dá kámẹ́rà dúró, òṣèré á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò, wọ́n á tún tan kámẹ́rà. Nígbà mìíràn, òjìji rẹ̀ á ṣì wà lára ògiri. Mo máa ń rí i bí ẹni pé àwọn tó ṣe é kò lówó lọ́wọ́, ó sì ti rẹ̀ wọ́n bíi tèmi, wọ́n kàn fẹ́ ṣe é tán kí wọ́n lọ jẹun. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní obìnrin kò mọ egbé.

Ọkọ mi ní tirẹ̀, ti aránṣọ náà ló fara mọ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ yàtọ̀. Ó ní ohun tó mú kó dára jù ni pé kò dún.

"Ẹ wò ó dáadáa," á wí, lórí alùpùpù rẹ̀, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. "Ẹni yẹn kàn lọ ni, wẹ́rẹ́. Kò sí ariwo, kò sí ìró. Egbé gidi nìyẹn. Ẹni tó lágbára kì í pariwo."

"Mé nọ̀n, rárá o, Bọ̀ọ̀dá!" Inú á bí aránṣọ. "Kò dún báwo? Ohùn yẹn ni gbogbo adùn rẹ̀! Ṣé etí yín dí ni?"

Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà á rẹ́rìn-ín, á tẹ alùpùpù rẹ̀, á wá èrò lọ.

Ẹ ó máa rò pé kí ló dé tí ìyàwó ilé kò fura. Iṣẹ́ mi ni kò jẹ́ kí n fura. Kọ́pì Faransé, láti Àjàṣẹ́ ní ìhà tiwa ló ti ń wá. Kọ́pì Gẹ̀ẹ́sì, láti òdìkejì ibodè, ní Ìdìrókò. Kò sí èyí tó ń dé láìlábùkù nínú méjèèjì. Òmíràn, òṣèré á ti panu dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Òmíràn, orin á wà, ohùn ènìyàn á ti sọnù. Nítorí náà, bí oníbàárà bá dé pé ibì kan kò dún nínú fíìmù òun, kò sí ẹni tó ń bi í léèrè etí rẹ̀ ní Igolo. "Kọ́pì ni," la ó wí, a ó sì fún un ní òmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọkọ mi. Mo tún un kọ sínú káàdì mìíràn. Ó ní kò dún. Mo lọ gba ti Gẹ̀ẹ́sì wá fún un láti Ìdìrókò. Ó gbé e sétí, ó ní bákan náà ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà mọ̀ pé egbé kì í pariwo. Mo wá pe ọkùnrin tí mo ń gba fíìmù lọ́wọ́ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, mo là á mọ́lẹ̀ lórí fóònù. Ó búra fún mi pé ohùn wà níbẹ̀. Mo ní kó lọ búra fún ìyá rẹ̀. Lórí fóònù tèmi, ohùn náà ń dún kedere, nítorí náà mo ní a jẹ́ pé fóònù ọkọ mi ló bàjẹ́, mo sì wá òmíràn fún un. Lójú àwa, ohun gbogbo ló lè bàjẹ́ kó tó kan ara ènìyàn.

Nílé, ọmọ wa á pe bàbá rẹ̀, á pè é, á pè é, kó tó wá fọwọ́ fa ẹ̀wù rẹ̀. Ohùn ọmọ náà tín-ín-rín. Ọkọ mi á yíjú, á ní òun ń ronú ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ jẹ eruku ọ̀nà Igolo, ṣé kò ní rẹ̀ ẹ́? Ó ń rẹ gbogbo wa. Ẹ̀yìn tí gbogbo rẹ̀ ti tán ni dókítà ṣàlàyé fún mi pé ohùn ńlá ṣì lè máa wọlé sétí bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ pé ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń lọ, àti pé ariwo ẹ́ńjìnnì ojoojúmọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn.

Aránṣọ ló dá eré kan sílẹ̀ tó fi fẹ́ parí ìjà. Ẹni kan á di ojú, èmi á máa tẹ ohùn egbé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí bàáfù, ìyẹn sípíkà kékeré, tí mo so mọ́ òpó ìsọ̀ mi. Bó bá ti dún, ẹni náà á na ọwọ́, á sọ sériì tó jẹ́. Ẹni tó bá pàdánù á ra búrẹ́dì fún gbogbo wa. Alájì ṣe é, ó borí. Aránṣọ ṣe é, ó borí, ó fi yangàn títí tó fi gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́. Ọkọ mi kì í dá sí i. Èrò ń dúró de òun, á wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun alásàrì, òjò ti rọ̀, ẹsẹ̀ dá lẹ́nu ibodè, kò sí èrò kankan. Aránṣọ fa ọkọ mi lọ́wọ́, ó mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Bọ̀ọ̀dá, òní ni òní. Ẹ di ojú yín."

Mo kọ́kọ́ tẹ ti Alájì. Gbì! Ọwọ́ ọkọ mi ti dé òkè. "Ti Alájì nìyẹn, tí ń dún bí àpò àgbàdo!" A rẹ́rìn-ín. Mo wá tẹ ti aránṣọ.

Ṣíìììn.

Ọkọ mi jókòó, ó di ojú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo tún un tẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀. Mo gbé ohùn bàáfù náà sókè títí dé òpin rẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì ọ̀nà yíjú, ó ń wo ohun tó ń ké bẹ́ẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ ná," ni ọkọ mi wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Kí lẹ ń dúró dè? Àbí kọ́pì yìí náà ti bàjẹ́?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Alájì ki tẹ̀súbáà rẹ̀ bọ àpò. Ọkọ mi la ojú, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aránṣọ sáré dìde. "Kò dún ni, Bọ̀ọ̀dá! Bàáfù yìí ni. Wáyà rẹ̀ ti já." Ènìyàn rere ni aránṣọ, irọ́ yẹn sì ti inú rere rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò wò ó. Èmi ló ń wò.

"Ìyá ọmọ, ṣé ó dún?"

Háà. Bí mo bá ní kò dún, ní àárọ̀ ọ̀la, yóò gbé ọmọ mi sẹ́yìn, yóò bọ́ sójú ọ̀nà yẹn. Bí mo bá ní ó dún, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Mo bínú sí i pé èmi ló bi. Mo bínú sí aránṣọ, mo bínú sí gbogbo àwọn ará ojú sánmà tí wọn kò lè fẹsẹ̀ rìn bíi ti ènìyàn.

"Ó dún, Bàbá," mo wí. "Ó dún dáadáa."

Ó mi orí. "Ó dáa." Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó sọdá ọ̀nà lọ ra búrẹ́dì fún gbogbo wa, nítorí pé òun ló pàdánù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ọ̀tún, kó tó sọdá. A jẹ búrẹ́dì náà. Kò dùn lẹ́nu mi rárá.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti ìsọ̀, mo jókòó sẹ́yìn ọkọ mi lórí alùpùpù, a kọrí sílé ní Ifangni. Ó ti rẹ̀ mí dé egungun. A kò tíì jìnnà sí Igolo tí takisí kan fi ń bọ̀ lẹ́yìn wa, fèrè rẹ̀ tín-ín-rín bí ohùn ọmọ ewúrẹ́. Ó ń fọn ọ́n, ó ń fọn ọ́n. Ọkọ mi wà láàárín ọ̀nà, kò yà. Mo gbá a léjìká pẹ̀lú gbogbo agbára mi, ó sì yà wọ inú koríko. Takisí náà kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ ṣí ìborí mi. Dírẹ́bà na ọwọ́ síta, ó bú wa.

Ọkọ mi dá alùpùpù dúró nínú koríko.

"Ẹ má dààmú," mo wí sí i létí, sókè. "Èmi ni n ó máa ṣe etí fún yín."

Kò yíjú sí mi.

"Ìwọ lo wà lẹ́yìn mi ní ìrọ̀lẹ́ yìí," ó wí. "Láàárọ̀, ọmọ ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dé èjìká mi."

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀. Èmi náà sọ̀kalẹ̀. Ó di ọwọ́ alùpùpù mú níwájú, mo ń tì í lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ifangni.