Obìnrin Tó Ń Dúró De Ìdáhùn Ọmọdé

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìtọ́jú ọmọ tí mo ti ń dáná. "Ìyá Onísùúrù" ni àwọn òbí ń pè é, kì í sì í ṣe ìyìn nígbà gbogbo o. Ẹni tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ á wọlé, á bá a níbi tó jókòó ti ọmọ tó ń ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà òsì, inú á bí i. Èmi gan-an, ó máa ń ṣe mí bíi kí n já bàtà náà gbà, kí gbogbo wa lè sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ fún un." Ọmọ á rìn díẹ̀, á wo bàtà, á jókòó, á pààrọ̀ rẹ̀.

Lọ́dún kan, wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá tí kì í fọhùn. Kì í ṣe odi, torí ó máa ń kọrin tó bá dá wà. Ìyá rẹ̀, telọ̀ tí ẹnu rẹ̀ yá ju ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ, ló ń bá a dáhùn gbogbo nǹkan. Bi ọmọ léèrè bóyá ebi ń pa á, ìyá á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá ní àwọn ò ní gbà á tí kò bá fẹnu ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè. Telọ̀ sunkún. Ó ní wọ́n á sọ pé olódo lòun bí.

Ẹ̀gbọ́n mi ò kọ́ ọmọ náà ní ìdáhùn kankan. Á kàn bi í ní nǹkan, á dákẹ́. "Kí ló mú kí omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí gbóná?" Ọbẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná níbi tí mo ti ń retí èsì.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un."

"Ó ń rò ó. Ṣé o ò rí ojú ẹ̀ ni?"

Nígbà tó yá, ọmọ náà ní, "Oòrùn ti wọ inú ẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ọmọ náà fà á lọ síbi bọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn tó wà níbòji, ó ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi bọ omi tútù inú rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún! Mo gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀, mo ń wò wọ́n. Orí ẹ̀gbọ́n mi yìí pé, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Ọjọ́ ìbéèrè pé, àwa mẹ́ta sin ọmọ náà lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé bi í pé, "Tí o bá jí láàárọ̀, kí lo kọ́kọ́ máa ń ṣe?"

Telọ̀ la ẹnu, "Ó máa ń..." Ẹ̀gbọ́n mi rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Mo ṣì ń rò ó, sà." Ọ̀gá gbé bírò sílẹ̀, ó dúró dè é.

"Mo máa ń tẹ́tí sí màmá mi. Tí mo bá gbọ́ pé wọ́n ń mí, mo máa tún sùn."

Ọ̀gá ní kí wọ́n mú un wá tí ilé-ìwé bá wọlé. Ìgbà tá a dé ẹnu ọ̀nà ni telọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé o máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà ní, "Ẹ ò bi mí rí ni."