Ọ̀wẹ̀ Tí Wọ́n Bẹ̀ Nítorí Àjọkẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìlobù, ohun tí mo bẹ̀rù jù láyé kì í ṣe egúngún, kì í ṣe pàṣán tíṣà. Afárá ni. Odò kékeré kan wà láàrin agbo ilé wa àti ilé-ìwé. Igi ọ̀pẹ méjì ni wọ́n gbé dábùú rẹ̀, ìyẹn náà là ń pè ní afárá. Bí òjò bá rọ̀, á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí irú rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù á sáré kọjá, àkàrà gbígbóná lọ́wọ́ wọn. Èmi á dúró sétí odò, mà á ní inú ń run mí. Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ojú tèmi kò rí òkun rí, odò tí kò ju ìgbáròkó lọ ló sì ń bà á lẹ́rù.

Àjọkẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni kì í bẹ̀rù. Ọjọ́ orí wa sún mọ́ra débi pé orúkọ gan-an ni mo ń pè é. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un láti ìgbà tó ti ń rá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dúró. Ọwọ́ ló máa ń kì bọ sílípáàsì, á fi tẹlẹ̀, á sì wọ́ ìdí tẹ̀ lé e. Bí a bá ń pa èkùrọ́ lẹ́yìnkùlé, àwa á ṣì máa fi òkúta lu ìka wa nígbà tí igbá tirẹ̀ bá ti kún. Bí a bá ń ṣe bojúbojú, òun ló ń di ẹni tó ń wá wa lójú, òun náà ló ń dá orin. Tí o bá ti ṣẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, o gbé! Ẹnu ló máa fi júwe ibi tí o sá sí. Ọjọ́ tí èmi àti òun jọ jí ẹran nínú ìkòkò, Màmá ní kí n kúnlẹ̀ kí n nawọ́ sókè, wọ́n ní kí Àjọkẹ́ náà jókòó kó nawọ́ sókè. Mò ń sunkún, òun ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n kà á mọ́ wa.

Ilé-ìwé nìkan ni wọn kò kà á mọ́. Bí mo bá dé lọ́sàn-án, á gba síléètì mi, á ní kí n kọ́ òun ní ohun tí wọ́n kọ́ wa. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ òun ló ń kọ́ mi. Bàbá wa fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ ṣáá: “Ọjọ́ tó bá lè dá afárá yẹn kọjá ni yóò bẹ̀rẹ̀.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a wẹ̀yìn, a rí Àjọkẹ́ tó ń wọ́ bọ̀. Ó gun igi ọ̀pẹ náà bí ẹni gun ẹṣin, ó ń fọwọ́ ti ara rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń lọ sóko dúró. Àwọn tó ń fọṣọ fi ọṣẹ sílẹ̀.

“Ẹ wo arọ lórí afárá!” Ọmọ kan ló kígbe bẹ́ẹ̀.

Àjọkẹ́ kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. “Arọ ló ń kọjá yìí o, ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì lo dúró sétí odò!”

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni sílípáàsì ọwọ́ rẹ̀ kan ti yọ̀, Àjọkẹ́ di gbìì nínú omi. Èmi náà bọ́ sódò tẹ̀ lé e. Wọ́n yìn mí títí lọ́jọ́ náà pé mo bẹ́ lu omi nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀. Àwọn tó ń fọṣọ ló fa àwa méjèèjì jáde.

Nígbà tí a délé, Bàbá ní àwọn kúkú ti sọ ọ́. Ìyá wọn, ìyá àgbà wa, tó ń bó ẹ̀gúsí níbi ìloro gbójú sókè: “Àkànní, ṣé afárá lọmọ yìí fẹ́ lọ kà ni, àbí ìwé? Tún afárá ṣe, kí o fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀.”

Bàbá dìde, wọ́n lọ bá àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n bẹ ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀ tí ẹgbẹ́ wọn mọ̀ ni kí a jọ kọ ebè tàbí kí a jọ bo ilé, wọ́n sì fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Àkànní, ṣé inú odò lo fẹ́ gbin iṣu sí?” Síbẹ̀ wọ́n wá. Àbúrò Màmá tó jẹ́ káfíńtà gbé pákó àti ìṣó wá láti Ìfọ́n. Wọ́n tẹ́ pákó náà gbòòrò, wọ́n kan igi ìdìmú sí ọ̀tún àti òsì. Iyán tí Màmá gún lọ́jọ́ náà, n kò jẹ irú rẹ̀ mọ́. Aládùúgbò wa kan ń kùn pé gbogbo wàhálà yìí, nítorí ọmọ kan ṣoṣo? Kò pẹ́ tí òun gan-an gbé agbọ̀n ẹyìn karí, tó rọ̀ mọ́ igi ìdìmú náà bí ẹni pé òun ló kàn án. Inú kò run èmi náà mọ́.

Àjọkẹ́ wọ ilé-ìwé, ó sì ń gba ipò kìn-ín-ní títí ó fi sú wa. Èmi parí pírámárì, mo yà sóko. Òun kàwé títí ó fi di tíṣà.

Láyé ìsinsìnyí, kọnkéré ni afárá yẹn. Rédíò ń sọ ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá fún wa, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ́fíìsì tí àtẹ̀gùn wọn ga bí òkè ṣì pọ̀. Wọ́n á ní kí Àjọkẹ́ jẹ́ kí àwọn gbé e gòkè. Á ní òun kì í ṣe àpò gàrí, kí wọ́n lọ bá òun gbé ọ̀gá wọn wá sísàlẹ̀. Ọ̀gá náà á sì sọ̀ kalẹ̀ wá!

Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ìfọ́n báyìí. Ọjọ́ tí mo lọ kí i níbẹ̀, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ kan tó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ sábíyá ló ń ṣọ́ ilé. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá bò ó: “Ṣé oorun lò ń sùn ni? Gólí burúkú!” Òun náà ń bú wọn padà, ó ń fi ọ̀pá júwe ẹni tó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọjá. Nígbà tiwa, gbogbo etí odò ló dúró wo Àjọkẹ́. Níbí, èmi nìkan ni mo dúró tí mò ń wò.

Mo bi í pé ọmọ ta nìyẹn.

Àjọkẹ́ wo pápá lọ, ó wò ó bọ̀. Ó ní, “Èwo nínú wọn?”